Ṣé ọtí téèyàn ń mu lè sọ ẹgbẹ́ tó ń dìbò fún l'Amẹ́ríkà?

Àkànní_PG kọ:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àsìkò o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ìsọ̀ ọtí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, Prince George's County ní Maryland, ẹ̀gbẹ́ Washington. Kí n tó dé ibí, apá Hagerstown lókè lọ́hùn-ún ni mo ti ń ta ọtí, ìpínlẹ̀ kan náà ni o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ ò lè mọ̀. Lọ́hùn-ún, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, páálí bíà alágolo ọgbọ̀n ni wọ́n máa ń gbé, Coors Light, Busch, Miller Lite, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn pickup, wọ́n á tún padà wọlé wá mú Jim Beam tàbí Crown Royal. Níbí ńkọ́? Hennessy ni o. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì la tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn mi, kékeré ẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wà lẹ́yìn káńtà, ẹni tó bá fẹ́ á kàn nawọ́, á ní "Henny kan". Lẹ́yìn ẹ̀ ni tequila àti fọ́dkà. Páálí bíà ńlá tí mò ń sọ yẹn, ó lè wà nílẹ̀ níbí títí eruku á fi bò ó.

Ìbò wá dé. Washington County tí Hagerstown wà, Republican ni wọ́n dì fún. PG ní tiẹ̀, Democrat ni, kò tiẹ̀ sí ìdíje kankan níbẹ̀.

Ọ̀gá wa ní ìsọ̀ wá fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó máa ń bá àwọn olóṣèlú Republican ra àkókò ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n ló ṣe é ní 2012, National Media ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n to orúkọ bíà sójú pátákó kan: apá òsì Democrat, apá ọ̀tún Republican, àwọn tó ń jáde dìbò dáadáa wà lókè, àwọn tí kì í sábà jáde wà nísàlẹ̀. Heineken bọ́ sọ́dọ̀ Democrat, Coors Light àti Samuel Adams bọ́ sọ́dọ̀ Republican, Dos Equis jókòó sáàárín. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún ṣe ti ọtí líle àti wáìnì, Absolut àti Grey Goose lọ sọ́dọ̀ Democrat, Jim Beam, Canadian Club àti Crown Royal lọ sọ́dọ̀ Republican, àwọn tó ń mu wáìnì ló sì ń jáde dìbò jù.

Ó bá ohun tí ojú mi ń rí mu, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á tán. Ṣé ọtí ló ń sọ ẹgbẹ́ ni àbí kí ni? Ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí.

Tóyìn_Bódìjà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀dá Àkànní. Ìbàdàn lèmi wà níbí o, àmọ́ mo máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìbò wọn gan-an. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Samuel Adams. Ṣé Boston kọ́ ni bíà yẹn ti wá ni? Boston tá à ń gbọ́ pé Democrat ló kún ibẹ̀? Báwo ló ṣe wá di ti Republican?

Délé_Chicago kọ:

@Tóyìn ìbéèrè tó dáa nìyẹn, òun gan-an ló máa tú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe, irú àwòrán báyìí sì máa ń kọjá lójú mi dáadáa. Boston ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Samuel Adams ní 1984 lóòótọ́, àmọ́ àwòrán yẹn ò sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti pọn bíà, ẹni tó ń rà á ló ń sọ. Bíà yẹn wọ́n ju Bud lásán lọ. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ta ló máa ń fi owó kún owó nítorí bíà? Lérò tèmi, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ti nílé, tó ti ń dàgbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní 2012, ó ṣeé ṣe kó dìbò fún Republican, kì í sì í jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò.

Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan kẹta máa ń wà láàárín ọtí àti ìbò. Ẹ wo ọkùnrin àti obìnrin. Gallup, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú, ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè bóyá wọ́n ń mutí láti 1939, wọ́n sì tún ń bi wọ́n léèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ràn, ọkùnrin ló máa ń sọ bíà jù, obìnrin ló máa ń sọ wáìnì jù. Obìnrin sì ń dìbò fún Democrat ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá wá ní wáìnì ló ń sọ èèyàn di Democrat, kò tíì ronú dé ìdí ọ̀rọ̀.

Àwọn tó gboyè yunifásítì náà ń mu wáìnì ju àwọn tí kò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Láyé Reagan, ọ̀pọ̀ àwọn tó gboyè yìí Republican ni wọ́n. Lónìí ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá sọ́dọ̀ Democrat. Ife wáìnì ò kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ ló yí lábẹ́ wọn. Ẹ tún gbọ́ eléyìí: ní 1992, nínú 100 àwọn tó ń mutí, 47 ní bíà làwọn fẹ́ràn jù, 27 ní wáìnì. Nígbà tó di 2005, wáìnì ti fi díẹ̀ ga ju bíà lọ, 39 sí 36. Ìyẹn lẹ́yìn tí Bush ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kejì o! Tó bá jẹ́ pé wáìnì ń gbé ìbò fún Democrat ni, John Kerry tí Democrat fà kalẹ̀ ì bá ti di ààrẹ.

Ìyá_Ṣadé_Houston kọ:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò mutí rí láyé mi, nítorí náà ibi tí mo dúró sí yàtọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹni tó mu èyí àtẹni tó mu tọ̀hún, ẹ gbàgbé àwọn tí kì í mu rárá, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìlú! Ní gúúsù níbí, ṣọ́ọ̀ṣì Baptist ló gbilẹ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan ọtí. Tennessee wà níbẹ̀, Moore County, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe Jack Daniel's tí gbogbo ayé ń mu, síbẹ̀ òfin ibẹ̀ ò jẹ́ kí ilé ọtí ṣí bó ṣe wu ẹnikẹ́ni. Utah tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ Mormon, àwọn yẹn kì í mu ọtí, kì í mu kọfí, kì í mu tíì, òfin wọn lórí awakọ̀ tó mutí ló sì le jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ 0.05 nínú 100 ni tiwọn níbi táwọn ìpínlẹ̀ yòókù ti ń lo 0.08. Republican ni Tennessee, Republican ni Utah. Ọ̀rọ̀ ìsìn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgò.

Ẹ tiẹ̀ wo àwa Yorùbá fúnra wa. Òde ìyàwó kan tí mo lọ níbí, tábìlì àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kún fún Malta àti omi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Hennessy méjì dúró sáàárín ẹ̀, Guinness ilé wà nínú kúlà nísàlẹ̀. Lápá tiwa, àwọn bàbá ń sọ ọ́ tọkàntọkàn pé Republican ni Kristẹni gbọ́dọ̀ dì fún nítorí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́. Lápá ọ̀hún wọ́n ń pariwo pé Democrat ni, nítorí ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ọmọ ìyá kan náà wà láàárín tábìlì méjèèjì, aṣọ ẹbí kan náà ni wọ́n wọ̀. Ohun tó wà nínú ife kọ́ ló pín wọn níyà, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ló yan ife fún wọn tó sì tún yan ẹgbẹ́ fún wọn.

Tíṣà_Atlanta kọ:

@Ìyá Ṣadé ẹ ṣé mà, ibi tí mo fẹ́ gbà wọ̀ ọ́ gan-an lẹ gbà. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mọ́ mi nínú, ẹ fara balẹ̀ fún mi torí ó máa gùn díẹ̀. Délé ní nǹkan kẹta ló wà láàárín, òótọ́ ni, àmọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọtí fúnra ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń jà lé lórí.

Ní 1791 wọ́n gbé owó orí lé wisikí, Alexander Hamilton ló gbé e kalẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania yarí, torí wisikí ni wọ́n fi ń sọ ọkà wọn dowó, ọkà tútù wúwo púpọ̀ láti gbé sọdá òkè lọ sọ́jà, wisikí inú àgbá kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi san gbèsè láàárín ara wọn. Nígbà tó di 1794, Ààrẹ Washington fúnra ẹ̀ kó àwọn ọmọ ogun tó tó 13,000 jáde nítorí wọn. Àwọn àgbẹ̀ yẹn ò gbàgbé o, ẹ̀yìn Jefferson tó ń ta ko Hamilton ni wọ́n tò sí, nígbà tí Jefferson sì di ààrẹ wọ́n fagi lé owó orí náà ní 1802. Ẹ rí i pé nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ń hù gan-an ni wisikí ti wà nídìí ẹ̀.

Ní 1840, ìwé ìròyìn kan tó wà lẹ́yìn Democrat fi William Henry Harrison ṣẹ̀sín, wọ́n ní kí wọ́n fún bàbá náà ní àgbá ọtí ápù kan kó lọ jókòó sínú ilé onígi ẹ̀. Àwọn Whig, ẹgbẹ́ Harrison, gbé ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sọ ọ́ di orin, wọ́n kọ́ ilé onígi sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n ń pín ọtí ápù láti ìlú dé ìlú. Wọ́n na Van Buren tó wà lórí oyè. Ìdílé ńlá ni wọ́n bí Harrison sí ní Virginia, bàbá ẹ̀ fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, àmọ́ ọtí mẹ̀kúnnù ló gbé e wọlé.

Lẹ́yìn náà làwọn ará Ireland àti Jámánì wá dé rẹpẹtẹ. Àwọn ará Jámánì kó bíà lager dé, àwọn ará Ireland ń ṣí ilé ọtí, inú ilé ọtí sì làwọn aṣojú ẹgbẹ́ Democrat ti ń báni wáṣẹ́, tí wọ́n ti ń kó ìbò jọ. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àríwá tí wọ́n fẹ́ kí ọtí kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ̀ Republican lọ̀pọ̀ wọn wà. Ní 1884, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Samuel Burchard dìde níwájú James Blaine tó ń du ipò ààrẹ lábẹ́ Republican, ó ní ọtí, Páàdì àti ọ̀tẹ̀ ni Democrat dúró fún. Blaine ò tètè bá a wí. Inú bí àwọn Kátólíìkì New York, ìbò 1,047 péré ni Blaine fi pàdánù New York, bí Grover Cleveland ṣe di ààrẹ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé Democrat lápapọ̀ ló fẹ́ràn ọtí. Àwọn Democrat gúúsù níbí kórìíra ẹ̀. Ẹgbẹ́ Anti-Saloon League tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ohio ní 1893 gbọ́n púpọ̀, wọn ò béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ti lè dìbò lòdì sí ọtí, òun ni wọ́n máa gbè, ì báà jẹ́ Republican ì báà jẹ́ Democrat. Bí wọ́n ṣe gba òfin tó fi ọtí dè látọdún 1920 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ya Democrat sí méjì, ní àpérò wọn ní New York ní 1924, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n dìbò kí wọ́n tó rí ẹni kan fà kalẹ̀, torí àwọn ará Al Smith, gómìnà New York, tí wọ́n fẹ́ kí ọtí padà àti àwọn ará McAdoo tí wọn ò fẹ́ ò jẹ́ fún ara wọn. Smith wá díje ní 1928, Kátólíìkì tó fẹ́ràn bíà, Hoover ti Republican fìyà jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, ebi ti mú ìlú, ìjọba ń wá owó orí, Roosevelt ti Democrat ní òun máa dá ọtí padà, ó sì wọlé. Bíà padà sójú ọjà ní April 7, 1933, ọtí líle tẹ̀lé e ní December 5. Ìpínlẹ̀ tó fi ìbò ẹ̀ pé iye tí òfin ń béèrè lọ́jọ́ yẹn, ìpínlẹ̀ kẹrìndínlógójì, Utah ni. Utah tí Ìyá Ṣadé ń sọ yẹn gan-an.

Tóyìn_Bódìjà kọ:

Háà! Utah? Àwọn tí kì í mutí ló wá ṣí ilẹ̀kùn padà fún ọtí? Ẹ ṣé gan-an sà, mo ti fi èyí pamọ́.

Bàbá_Denver kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó wú mi lórí. Àmọ́ èmi ò gbà pé ọtí kàn ń tẹ̀lé èèyàn kiri lásán. Owó ọtí máa ń lọ síbì kan, ibẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ wò.

Mo dé Colorado nígbà tí Carter ṣì wà lórí àlééfà. Ìlú Golden ni wọ́n ti ń pọn Coors, kò jìnnà sí Denver rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1977. Nínú ohun tó ń bí wọn nínú ni pé tó o bá fẹ́ wọṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń mú irọ́ mọ́ ẹ lára, wọ́n á máa bi ọ́ ní ohun tó jẹ́ àṣírí ara ẹ. AFL-CIO, àjọ àwọn òṣìṣẹ́, ní kí gbogbo èèyàn wọn má ra Coors mọ́, ó di 1987 kí wọ́n tó jáwọ́. Àwọn ará Mexico tó wà níbí ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ṣáájú, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà kì í gba àwọn síṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ní San Francisco, àwọn ilé ọtí tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ń lọ kó Coors kúrò lórí káńtà, Harvey Milk, olóṣèlú ibẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, wà nínú àwọn tó ṣètò ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀. Mo rántí ilé ọtí kan tí àwọn òṣìṣẹ́ irin máa ń wọ̀ nígbà yẹn, tó o bá sọ pé Coors lo fẹ́, wọ́n á wò ọ́ tìyanu-tìyanu, ẹni tó jókòó tì ọ́ á gbé ife ẹ̀ kúrò.

Kí ló dé? Joseph Coors kì í ṣe ọlọ́tí lásán. Òun ló fi 250,000 dọ́là ṣe ìpìlẹ̀ Heritage Foundation ní 1973, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èrò tí ìjọba Reagan lò ti jáde. Ọ̀rẹ́ Reagan gidi ni. Ní 2004, Pete Coors nínú ẹbí kan náà dupò sẹ́nétọ̀ Colorado lábẹ́ Republican, Ken Salazar ló fẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Arizona, bàbá ìyàwó John McCain, sẹ́nétọ̀ Republican, ló ń pín Budweiser káàkiri, owó ẹ̀ sì ran òṣèlú ọkọ ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Nítorí náà nígbà tí Àkànní rí Coors Light ní apá Republican lójú pátákó yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti owó oṣù nìkan. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Democrat ti fi ọwọ́ ara wọn gbé bíà náà sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọmọ wọn láti má ra á.

Délé_Chicago kọ:

Ẹ ṣé bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbà ti Coors fún yín, ìtàn yẹn lágbára. Àmọ́ bàbá, ọ̀pọ̀ ọtí ni kò nírú ìtàn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Republican máà mu Absolut.

Àkànní_PG kọ:

Bàbá wa, ẹ kú àtijọ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n dá Délé lóhùn lórí Hennessy, torí ìyẹn wà láàárín tẹ̀yin méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo aláwọ̀ dúdú ló kàn ṣèèṣì fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó lọ jagun ní Faransé tọ́ cognac, irú ọtí tí Hennessy jẹ́, wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n bí èèyàn, nígbà tí wọ́n padà sílé, gúúsù níbí ṣì ń lé wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Láti àwọn ọdún 1950 ni Hennessy ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Ebony, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́tí yòókù ò kà wá sí. Ìbò aláwọ̀ dúdú náà, 1964 ni Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́, láti ìgbà yẹn nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lára ìbò wọn ló máa ń lọ sọ́dọ̀ Democrat. Ẹni tó kà ọ́ sí ní àkókò tí nǹkan le, òun lo máa fún lówó ẹ, òun náà lo máa fún níbò ẹ. Nígbà tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún bàbá àgbàlagbà kan, tí mo rí bó ṣe ń gbé ìgò náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọtí nìkan ló ń rà.

Tóyìn_Bódìjà kọ:

Bọ̀dá Àkànní, ti Bud Light ńkọ́? Ìyẹn dé etí wa níbí.

Àkànní_PG kọ:

Tóyìn, ìyẹn ṣojú mi kòró. April 2023 ni Dylan Mulvaney, ẹni tí wọ́n bí lọ́kùnrin tó ń gbé ayé bí obìnrin, gbé fídíò kan síta lórí Instagram, ó fi agolo Bud Light tí wọ́n ya ojú ẹ̀ sí hàn. Kò pẹ́ tí olórin Kid Rock fi gbé ìbọn, ó yìn ín fún páálí Bud Light níwájú kámẹ́rà. Láti oṣù yẹn, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi tó ṣì wà ní Hagerstown sọ̀rọ̀, ó ní àwọn kọ́sítọ́mà tó ti ń ra Bud Light látìgbà tí wọ́n ti ń gbé irùngbọ̀n ń kọjá lára ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ó ní wọ́n fi owó lé e, wọ́n tún fi rìbéètì kún un, kò lọ. Níbí ní tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí a kì í tà á tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó fi máa di May 2023, Modelo Especial ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ ẹ̀, ipò tí Bud Light ti wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bíà ará Mexico o! Àwọn tó ń bínú pé Bud Light ò ṣe ti Amẹ́ríkà mọ́, bíà Mexico ló gorí oyè lẹ́yìn ìbínú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà Bud Light fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú UFC, àwọn tó ń ṣètò ìjà inú àgò, láti máa jẹ́ bíà wọn, kí ọkàn àwọn ọkùnrin yẹn lè padà.

Nítorí náà mo gbà pẹ̀lú bàbá wa. Kò sí àwọ̀, kò sí owó oṣù, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó yí padà láàárín March àti May. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò náà ló yí padà.

Délé_Chicago kọ:

Àkànní, ìyẹn wọlé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ báyìí: ibi téèyàn ń gbé, àwọ̀ ẹ̀, ìsìn ẹ̀ àti owó tó wà lápò ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé ìgò lé e lọ́wọ́, ó lè pẹ́ kí ìgò yẹn tó ní ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi àsíá lé e ló di ti òṣèlú, ì báà jẹ́ ọlọ́tí fúnra ẹ̀ bíi ti Coors, ì báà jẹ́ àwọn tó ń bínú bíi ti Bud Light. Mo fara mọ́ ọn.

Àwọn olóṣèlú náà mọ̀ ọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé ife síwájú kámẹ́rà nìyẹn. Obama, July 2009, ìjà Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Louis Gates àti ọlọ́pàá tó mú un nínú ilé ara ẹ̀ ní Cambridge, Massachusetts, ó pe àwọn méjèèjì wá mu bíà nínú ọgbà White House. Obama mu Bud Light, Gates mu Sam Adams Light, ọlọ́pàá náà mu Blue Moon. Biden jókòó tì wọ́n, Buckler tí kò lọ́tí nínú ló mu, torí kì í mutí.

Tóyìn_Bódìjà kọ:

Gates! Ṣé ẹ mọ̀ pé Soyinka ló kọ́ ọ ní Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Òun ló wá kọ̀wé ńlá lórí Èṣù wa. Inú mi dùn pé orúkọ ẹ̀ wọ ibí yìí.

Ìyá_Ṣadé_Houston kọ:

Ẹ ò rí i? Wọ́n ní ẹni tó ṣeé bá mu bíà lará Amẹ́ríkà ń dìbò fún. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa Bush ní 2000 àti 2004, Bush ti fi ọtí sílẹ̀ láti 1986! Trump kì í mu ún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Fred ló bá ọtí lọ ní 1981, ó sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé ìdí nìyẹn. Biden kì í mu ún. Ní 2020 àwọn méjèèjì tó ń du ipò, kò sẹ́ni tó ń fẹnu kan ọtí nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sínú ìwé yín.

Délé_Chicago kọ:

Mọ̀mí, ó ti wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì Gallup ti August 2025: 54 péré nínú 100 àgbàlagbà ló ní àwọn ń mutí, kò tíì lọọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti 1939. Láàárín 1976 sí 1978 ó wà ní 71. Nínú àwọn Republican, 46 ló ní àwọn ń mu, ó fi 19 já wálẹ̀ láàárín ọdún méjì. Democrat wà ní 61. Àwọn tó gbà pé ife kan tàbí méjì lóòjọ́ ń ba ara jẹ́ ti lé ní ìdajì báyìí, 53. Ọdún kan ò tó láti fi dá ẹjọ́ lórí ohun tó fà á láàárín Republican, mo fẹ́ rí ti ọdún tó ń bọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ àwọn tẹ́ ẹ ní a gbàgbé yẹn ló ń pọ̀ sí i.

Bàbá_Denver kọ:

Tíṣà, ìbéèrè kan fún ẹ. Mo gbọ́ pé àwọn ìlú òkèèrè náà mọ ọtí ẹgbẹ́ wo ni wọ́n máa kọ lù tí ìjà owó ibodè bá dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tíṣà_Atlanta kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá. Ní 2018 tí Trump gbé owó ibodè lé irin àwọn ará Yúróòpù, wọ́n wo ibi tó máa dun Republican jù, wọ́n gbé 25 nínú 100 lé wisikí Amẹ́ríkà. Kentucky ni nǹkan bíi 95 nínú 100 bourbon, irú wisikí Amẹ́ríkà kan, ti ń wá, ibẹ̀ sì ni Mitch McConnell tó ń darí Republican ní Sẹ́nétì nígbà yẹn ń ṣojú fún. Ọ̀rọ̀ alùpùpù Harley-Davidson náà wọ̀ ọ́, torí Wisconsin ni, ìpínlẹ̀ Paul Ryan tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú nígbà yẹn. Ìjà yẹn ò rọlẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2022.

Ó tún dé ní March 2025. Ní Canada, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ta ọtí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nítorí náà nígbà tí owó ibodè Trump bà wọ́n, àṣẹ kan ṣoṣo ló gbà. Ní Ontario, LCBO, iléeṣẹ́ ọtí ìjọba ibẹ̀, tó wà lára àwọn tó ń ra ọtí jù láyé kó gbogbo ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí pẹpẹ, bourbon Kentucky, Jack Daniel's ti Tennessee, wáìnì California, gbogbo ẹ̀ pátá. Kentucky àti Tennessee ti dìbò fún Trump rẹpẹtẹ ní 2024, California ò dì fún un, àmọ́ LCBO ò yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àpò kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí.